Súpámákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá nínú gbọ̀ngàn tí ẹlòmíì ti lò rí: kí ni ká fi àyè tó ṣẹ́kù ṣe?

Ajélàńwá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò rèé. Ká ní ilé ìtajà oúnjẹ kan ń tajà fún àwọn tó rí jájẹ (wàràkàṣì òkèèrè, ẹran tí wọ́n gé lójú ẹni, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, èso tí wọ́n ṣà lẹ́yọ lẹ́yọ). Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èkó kì í ju 600 mítà onígun-mẹ́rin lọ. Ó wá fẹ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde, gbọ̀ngàn tó sì rí jẹ́ 2,400 mítà, tí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ti lò tó sì ti kó jáde. Fírísà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, páípù gáàsì òtútù fírísà wà nínú ilẹ̀, jẹnẹrétọ̀ 500 kVA wà lẹ́yìnkùlé. Onílé ní kí wọ́n gba gbogbo ẹ̀ mọ́ ilé.

Mítà mélòó ni kí wọ́n fi tajà? Kí ni kí wọ́n fi ìyókù ṣe? Èwo nínú ẹrù àtijọ́ ló ṣeé gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ọwọ́ olówó ló wà. Ẹ fún wa ní iye.

AyàwòránIlé
Kí wọ́n má fi ju 1,100 mítà tajà. Fífẹ̀ tí ilé fẹ̀ kò sọ irú ọjà di púpọ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ọjà 600 mítà sí 2,400, ohun kan náà ni yóò máa jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin lórí pẹpẹ. Oníbàárà tó bá rí mítà mẹ́ta gbáko tó jẹ́ òróró olífì kan ṣoṣo yóò rò pé ọjà kò wọlé mọ́ ni.

Bí mo ṣe máa pín in: ìtajà 1,100, ilé ìdáná àti bẹ́kírì 250, yàrá òtútù àti ilé ẹrù 450, ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù 100, ọ́fíìsì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá òṣìṣẹ́ 100. Ó ku 400. Ẹ fi yá ilé oògùn, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ilé ìfọṣọ, kí ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síta, kí wọ́n má gba inú yín kọjá.

Pẹpẹ àtijọ́ sábà máa ń ga tó mítà 2.2. Ẹ gé ti àárín sí 1.5 kí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè ríran dé ọ̀dọ̀ ẹran àti ẹja lẹ́yìn pátápátá. Ti ara ògiri lè wà ní 2.1. Ọ̀nà àárín gbùngbùn, mítà 2.4, àwọn yòókù, 1.8, kí tọ́rọ́lì méjì lè kọjá lára ara wọn. Òrùlé irú ilé báyìí lè ga tó mítà mẹ́fà. Ẹ má fi POP bò ó látòkè délẹ̀, owó òfo ni. Ẹ so pátákó kọ́ sí mítà mẹ́ta lórí búrẹ́dì, lórí èso àti lórí ẹran nìkan, kí iná jáde lára rẹ̀. Iná 3000K bá búrẹ́dì mu, nítorí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ẹ wo CRI (nọ́ńbà tó ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bó ṣe rí gan-an) tó wà lára páálí gílóòbù: tí kò bá tó 90, ẹran tútù yóò dà bí èyí tó ti sùn lọ́jà.

Ibi owó sísan: àwọn tó kó jáde lè ti ní káńtà 16. Mẹ́fà tó. Ẹ hú ìyókù kúrò, nítorí kò sí ohun tó ń sọ ilé di ahoro lójú oníbàárà bí káńtà mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí.

ÌyálọjàOríAfẹ́fẹ́
@AyàwòránIlé, 1,100 ṣì pọ̀ jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀bú kì í ṣe Lẹ́kí. Láàárín ọ̀sẹ̀ ọjà á fà. Láti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sán ni àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó wá ṣe òkú, ìgbéyàwó àti oyè máa ń ya wọlé, títí di ọ̀sán Sọ́ńdè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 800, kí ẹ fi ògiri pátákó dá ìyókù dúró, kí ẹ sún un sẹ́yìn nígbà tí ọjà bá gbà bẹ́ẹ̀.

AyàwòránIlé
Àǹtí, ògiri tó ń sún kiri yẹn, ta ló máa sanwó ẹ́ésì tó máa gba orí rẹ̀ jáde?

Baba_Òtútù
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Ògiri pátákó dára bí ó bá lọ kan páànù lókè, tí wọ́n sì fi fóòmù dí ojú rẹ̀. Èyí tó bá dúró ní mítà mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin láti ẹ̀yìn yóò máa ṣàn gba orí rẹ̀ wọlé. Tí òjò bá gbalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fírísà tí kò ní ìlẹ̀kùn, inú gbọ̀ngàn tó jẹ́ 25 dígírì pẹ̀lú ọ̀rinrin 60 ni wọ́n ti dán ọ̀pọ̀ nínú wọn wò kí wọ́n tó tà á. Ẹ fi sínú 29 dígírì àti 75, yìnyín yóò dí kọ́ìlì rẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ kò ní kọjá mọ́, yúgọ́ọ̀tì orí pẹpẹ òkè yóò sì máa gbóná nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń dì.

Ó yá, ẹrù àtijọ́. Ibẹ̀ ni owó máa ń gbà sá lọ.

Ẹ wo àwo tí wọ́n kàn mọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ (ẹ́ńjìnnì fírísà), orúkọ gáàsì òtútù rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ R22, ẹ má gbà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àdéhùn Montreal ti fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa ní 2030 láti jáwọ́ nínú rẹ̀, ayédèrú inú sílíńdà sì pọ̀ nílẹ̀. R404A ṣì ṣeé lò, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 3,900 ju káábọ́ndáyọ́ọ̀sáìdì lọ, àwọn tó ń ṣe fírísà sì ti ń sá fún un. Nínú èyí tó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú ara rẹ̀, R290 (gáàsì propane) lẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ tuntun.

Páípù inú ilẹ̀ ló wá léwu jù, kì í sì í ṣe torí pé ó ń jò nìkan. Ẹni àkọ́kọ́ wọn páípù yẹn fún òtútù 80 kílówáàtì. Ẹ̀yin fẹ́ so 25 mọ́ ọn. Gáàsì tó ń padà bọ̀ yóò máa rìn wúrẹ́wúrẹ́ nínú páípù tó fẹ̀ jù, kò ní lágbára láti gbé òróró kọ̀mpúrẹ́sọ̀ padà. Òróró á jókòó sínú ilẹ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á máa gbẹ, yóò sì kú láàárín oṣù díẹ̀. Wọ́n á ní iná NEPA ló pa á. Irọ́ ni, páípù ló pa á. Tí ẹ bá fẹ́ 25, ẹ fa páípù tuntun tó tẹ́ẹ́rẹ́, gba òkè, kí ẹ fi ìdẹ-òróró (ibi tí páípù tẹ̀ tí òróró ń kó jọ sí) sí ìdí gbogbo ibi tó bá ti dìde lọ sókè. Bí ẹ bá ń jó o pọ̀, kí náítírójìn máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ kí èédú má bàa so nínú. Lẹ́yìn náà ẹ fi náítírójìn dè é fún wákàtí 24, kí ẹ wo gééjì. Bí kò bá sọ̀, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde dé 500 máíkírọ́ọ̀nù (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú páípù) kí gáàsì tó wọlé.

Ajélàńwá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣé kò wá rọrùn kí wọ́n kúkú ra fírísà tó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sínú, kí wọ́n gbàgbé páípù?

Baba_Òtútù
Ó rọrùn, ṣùgbọ́n inú ilé lẹ̀ ń tú ooru rẹ̀ sí. Fírísà tó ń jẹ 1.5 kílówáàtì, bí ẹ bá tò ó mẹ́wàá, 15 kílówáàtì ooru lẹ dà sínú gbọ̀ngàn, ọjọ́ kan kì í sinmi. Ẹ́ésì 1HP kan ń kó nǹkan bíi 2.6 jáde. Ẹ ti nílò ẹ́ésì mẹ́fà kí oníbàárà kankan tó wọlé. Ìmọ̀ràn mi: yìnyín àti áísíkirimù, ẹ lo èyí tó gbé ẹ́ńjìnnì sínú, tó ní ìdérí dígí. Mílíìkì, ẹran àti ewébẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì wọn wà lórí òrùlé tàbí lẹ́yìn ilé, kí gbogbo wọn ní ìlẹ̀kùn dígí. Àwọn olówó kò fẹ́ràn ìlẹ̀kùn, wọ́n ní ó ń dí ọwọ́. Wọ́n á mọ́ ọn lára.

Yàrá òtútù àtijọ́ ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ lu ògiri rẹ̀. Ibi tó bá dún kórókóró, fóòmù inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ wo ilẹ̀ yàrá yìnyín náà: bí ó bá ti wú sókè láàárín, wáyà tó ń mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná ti já, omi inú ilẹ̀ ti dì. Kò sí àtúnṣe fún èyí ju kí wọ́n fọ́ ọ lọ.

Oníná_Ṣágámù
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti 500 kVA yẹn. Ẹ má gbà á. Ìyẹn ń gbé 400 kílówáàtì. Irú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń sọ lè máa jẹ bíi 120 lọ́sàn-án, bíi 35 lóru nígbà tí fírísà nìkan ń ṣiṣẹ́. Ní oru, 500 yẹn kò ní gbé tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Dísù kò ní jó tán, òróró dúdú á máa kán láti ẹnu èéfín, ríìngì á lẹ̀ pọ̀. Ẹ ra méjì: 200 kVA fún ọ̀sán, 60 kVA fún òru. Méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára wọn, ibẹ̀ gan-an ni dísù ti ń jó dáadáa.

Ohun kejì ni bí iná ṣe ń padà dé. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ 10HP ń jẹ nǹkan bí ámúpù 15 tó bá ti ń yí. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ó lè fa 90. Bí mẹ́fà bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, 540 nìyẹn, bíréékà á já, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ kú. Ẹ fi táímà sí wọn: kí èkíní dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí àwọn yòókù máa tẹ̀lé ara wọn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe nǹkan olówó iyebíye, fírísà tuntun míì tiẹ̀ ní i nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀.

Ẹ béèrè báńdì tí fídà àdúgbò wà. Báńdì A ló ń ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó rẹ̀ dé ₦225 fún yúníìtì kan, kò sí ẹni tó lè máa fi iná ṣòfò nínú gbọ̀ngàn tó ga tó mítà mẹ́fà.

Páànù ńlá yẹn ni èrè tó wà nínú ilé ńlá. Sólà 550W kan gba nǹkan bíi mítà 2.6, ó sì wọ̀n tó kílò 28. Bí ẹ bá rí 1,000 mítà tí òjìji kò bò, ó lè gba tó 200 kílówáàtì. Oòrùn ọ̀sán àti ẹ́ésì ọ̀sán jọ ń dé pọ̀, nítorí náà ẹ kò nílò bátìrì fún apá ẹ́ésì. Kí ẹnjiníà wo igi òrùlé kí ẹ tó gun un o. Igi tí wọ́n tò jìnnà síra fún páànù lásán kò retí ẹrù.

Púlọ́mbà_Àgbà
Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ òórùn. Ẹ ó kun ilé, ẹ ó tan iná aláràbarà, lọ́jọ́ kẹta ilé á máa rùn bí gọ́tà.

Ohun tó fà á: ihò omi tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ fírísà àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ pẹpẹ yín. Omi tó wà nínú ọrùn rẹ̀, tí kì í ju sẹ̀ńtímítà 5 sí 7 lọ, ló ń dá afẹ́fẹ́ sọkawéè dúró. Bí fírísà bá ti kúrò, kò sí ẹni tó ń da omi síbẹ̀ mọ́, ẹ́ésì á fà á gbẹ. Ẹ wá àwòrán ilé àtijọ́, ẹ ka gbogbo ihò. Èyí tí ẹ kò ní lò, ẹ fi ìdérí onírọ́bà tó ń fún dí i, kí ẹ da kọnkéré lé e. Èyí tí ẹ lè lò lọ́la, ẹ da omi sí i, kí ẹ ta òróró ìdáná díẹ̀ sórí omi náà kó má bàa tètè gbẹ.

Àti pé ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ilé ìdáná jáde kò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Bí ẹ kò bá fún un ní afẹ́fẹ́ tuntun láti ìta, bí ìdá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó ń fà, yóò fa ooru wọlé láti ẹnu ọ̀nà, yóò sì fa òórùn jáde láti inú ihò. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ di ìwé pélébé kan mú. Bí ó bá ń fẹ́ wọnú lọ kíkankíkan, ilé yín ń mí síta ju bó ṣe ń mí sínú lọ.

Ihò ara ògiri ńkọ́? Eku kékeré lè gba ihò tí bírò lè wọ̀. Páípù tí wọ́n yọ ló máa ń ṣí i. Símẹ́ńtì pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn irin ni kí ẹ fi dí i, kì í ṣe fóòmù. Fóòmù, eku á jẹ ẹ́.

Ṣẹ̀gilọlá_Ìkẹ́nẹ́
Ẹ ti bá ilé náà jà tán, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó ti ṣe é rí ṣe. Haggen, ilé ìtajà oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, ní ṣọ́ọ̀bù 18 ní ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon. Ní 2015 ó ra 146 lára èyí tí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá méjì, Albertsons àti Safeway, ní láti tà kí wọ́n tó lè dapọ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ó ti wà ní kóòtù nítorí gbèsè. Gelson's, tó ń tajà fún olówó ní Gúúsù California, wá mú mẹ́jọ péré nínú wọn. Waitrose ní ìlú ọba náà ra 19 lára ṣọ́ọ̀bù Safeway tibẹ̀ lọ́wọ́ Morrisons ní 2004. Wọ́n mú ìba tí apá wọn ká. Whole Foods tó mọ ilé ńlá lára, ní 2024 ó kéde irú ṣọ́ọ̀bù tuntun tí kò ní ju nǹkan bíi 650 sí 1,300 mítà lọ. Nítorí náà mo wà lẹ́yìn Àǹtí lórí 800 yẹn.

Lọ́yàRẹ́mọ
Kí ẹ tó pín 400 mítà fún ilé oògùn, ẹ ka agíríméǹtì. Ọ̀pọ̀ ní ẹ kò gbọdọ̀ fi yá ẹlòmíì láìgba ìwé àṣẹ onílé. Ẹ jẹ́ kó kọ àṣẹ yẹn sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà láìsan owó ilé fún àtúnṣe, torí irú iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n Òtútù kà sílẹ̀ yẹn kò ní tán lóṣù kan. Ẹrù tí ẹ kò fẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí onílé buwọ́ lù ú pé tòun ni, òun ló máa kó o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, wọ́n á ní kí ẹ san owó fírísà tó ti kú kí ẹ tó dé. Jíjò òrùlé sábà máa ń jẹ́ ti onílé. Bí sólà bá ti gun orí rẹ̀, yóò ní ẹ̀yin lẹ lu páànù, nítorí náà ẹ jọ gùn ún lọ wò tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ju ọdún mẹ́ta lọ, deed (ìwé àdéhùn tó ní èdìdì) ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ sì rántí àṣẹ gómìnà lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ 1978.

ÌyálọjàOríAfẹ́fẹ́
Ó ku ti ọjà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni tèmi.

Àyè ńlá máa ń sún ẹni tó ń to èso láti kó o jọ gègèrè. Tòmátò inú àpótí 60 sí 40 sẹ̀ńtímítà, bí ẹ bá kó o ga tó 30, bíi 40 kílò nìyẹn, tìsàlẹ̀ á ti fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi pátákó ṣe ìdí èké sínú àpótí, kó dagun wá síwájú, kí tòmátò má ga ju 15 lọ. Ìdajì ọjà ni, ojú á rí i bí ẹni pé ó kún. Ewébẹ̀ tútù, ẹ máa wọ́n omi sí i. Ẹ má wọ́n sí àlùbọ́sà àti iṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹja Ẹ̀pẹ́ àti Ìwópin: kílò yìnyín kan fún kílò ẹja kan, láti inú ọkọ̀. Lórí káńtà, kí yìnyín wà lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí omi rẹ̀ lè ṣàn lọ. Ẹja tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yìnyín ti ń pàdánù adùn.

Gààrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi sínú ọ̀rá. Ìlànà Codex (ìlànà oúnjẹ àgbáyé) kò gbà kí omi inú gààrí ju 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó bá jù ú lọ á hu nínú ọ̀rá, ọ̀rá á sì kún fún òógùn tí ojú á rí.

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ilé ìdáná yẹn ṣe, kì í ṣe búrẹ́dì Faransé nìkan. Ẹ má sè é ní ìkòkò ńlá kan. Ewùrà máa ń ki bó bá ṣe ń jókòó lórí iná. Abọ́ lítà mẹ́rin, kí ó má tutù ju 63 dígírì lọ, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí ó bá ki, ẹ má bu omi lásán sí i. Omi ẹja gbígbóná ni.

Ajélàńwá
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: 800, ògiri tó kan páànù, àyè láti fẹ̀ dé 1,100. Ìbéèrè kan ló kù. Onílé fẹ́ kí wọ́n ṣí i ní ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, ó ní gbogbo ayé á wà nílùú.

Baba_Òtútù
Rárá o. Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ọkọ̀ ẹrù kò ní rí ọ̀nà wọ ìlú, ẹni tó ń tún fírísà ṣe náà á ti lọ jẹ ẹran àgbò. Ẹ ṣí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú tàbí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn.

Kí ẹ tó kó oúnjẹ kankan wọlé, ẹ fi ike omi kún gbogbo fírísà, kí wọ́n ṣiṣẹ́ fún wákàtí 72. Ẹ máa kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí: mílíìkì àti ẹran kò gbọdọ̀ ju 4 lọ, yìnyín kò gbọdọ̀ gbóná ju -18 lọ, àyàfi fún ìgbà díẹ̀ tó bá ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ já iná gbogbo ilé fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, kí ẹ sì wo èwo nínú wọn ni kò lè padà sí 4 láàárín wákàtí kan. Èyí tí kò bá padà, ẹ má kó ẹran sí i.

Oníná_Ṣágámù
Kí ẹ já a lẹ́ẹ̀kan sí i ní agogo méjì òru, kí ẹ lè rí i bóyá 60 kVA á dìde fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.